Ajá tí mo sọ ní Kínimoṣeyín

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbà mí láyè kí n fi ẹnu ara mi ro ẹjọ́ ara mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní agbo ilé ọkọ mi ní Pópó Yemọja, lọ́jọ́ Ìsinmi kan báyìí. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín!

Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ mí. Ìyàwó Kúùkù ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé kúùkù òyìnbó ni ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Aṣọ ni èmi ń rán. Mo mọ ìwé Yorùbá kà, mo sì mọ̀ ọ́n kọ bí ẹ ti ń rí i yìí, ṣùgbọ́n ní ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò kọjá gúmọ́nìn.

Nígbà tí òyìnbó ọ̀gá ọkọ mi ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ mi. Kọ́lì ni wọ́n ń pe irú ajá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń da àgùntàn lọ́hùn-ún. Irun rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, funfun yí ọrùn rẹ̀ ká bí ẹni tó da ìborùn. Òyìnbó náà kọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan mọ́ ajá ọ̀hún, ojú ìwé kan péré, nípa bí a óò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni ibà mú ọkọ mi lọ. A ò bímọ. Bó ṣe ku èmi àti ajá nìyẹn.

Orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́, ẹnu mi ò gbé e. Mo pè é títí, ajá náà kàn ń wò mí ni, bí ẹni pé èmi ni mi ò gbédè. Mo ní kò burú, n ó fún un lórúkọ tí ẹnu mi gbé. Ẹ sì mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ ajá lórúkọ. Ta ló ń sọ ajá lórúkọ lásán? Ohun tí a ò lè sọ sójú aládùúgbò, orúkọ ajá ni a fi ń sọ ọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ sí kò jìnnà. Ìyáálé mi ni, Ìyá Sùmọ́nù, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Yàrá wa kọjú síra. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá lórí òun. Láti ọjọ́ tí ajá yìí ti wọ agbo ilé, bí ó bá ti rí i tó ń bọ̀, á ká ẹní ìkírun rẹ̀ nílẹ̀, á wọlé. Kì í wí nǹkan kan. Àìwí yẹn gan-an ló ń dùn mí! Mo ní ó kórìíra mi ni, nítorí pé ọkọ mi ti kú, tó sì jẹ́ pé èmi nìkan ni onígbàgbọ́ láàárín wọn. Opó tuntun ni mí nígbà náà, ọkàn mi kì í pẹ́ gbọgbẹ́.

Ni mo bá sọ ajá ní Kínimoṣeyín.

Láràárọ̀ n ó bọ́ sí àárín agbo ilé, n ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ìyáálé mi, n ó lọgun: "Kínimoṣeyín! Kínimoṣeyín o!" Ajá á sáré wá, á máa ju ìrù. Gbogbo ilé mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ìyá Sùmọ́nù náà mọ̀. Kò dáhùn rí, kò sì pe ajá náà lórúkọ rí. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, "ẹranko Ìyàwó yẹn" ni yóò wí.

Ajá ọ̀hún ò mọ̀ pé ìjà ni orúkọ òun. Nírọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, á kó àwọn àgbò Ìyá Sùmọ́nù jọ láti ọ̀nà Bẹ́ẹ̀rẹ̀, á dà wọ́n wọlé. Bí kò bá rí àgbò, á da adìyẹ. Lọ́jọ́ tí kò rí adìyẹ, àwọn ọmọdé ilé ló dà jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri!

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí oògùn. Oògùn olómi kan wà tí a máa ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń po oògùn òyìnbó, tó ń gbé ní Òkè Padre. Ìgò kékeré ni, omi inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń ta sánsán. Bí èèyàn bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tó bá kán díẹ̀ sínú omi mu, inú á dákẹ́, oorun á sì gbé e lọ. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, ajá ọdẹ kan nínú ilé wa, ajá tiwa-n-tiwa, ń ṣu gbuuru. Èmi ni mo kán oògùn yìí fún un, ẹ̀kán márùn-ún nínú ògì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń lé ewúrẹ́ kiri. Ẹ ò bá gbọ́ bí mo ṣe fọ́nnu! Mo dúró láàárín agbo ilé, mo gbé ìgò sókè, mo ní kí gbogbo ilé wá wo oògùn ajá. Mo ní ajá tó bá ti lá ẹ̀kán márùn-ún, àbùṣe ti bùṣe.

Ìyá Sùmọ́nù jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi tí mò ń wí. Kínimoṣeyín ti ń ṣu gbuuru láti àárọ̀, ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n ó wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà tí mo dé, oòrùn ti yẹ̀ kúrò láàárín orí. Mo pè é, kò wá. Mo tún pè é. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí mi. Mo gbé orí rẹ̀ sókè, orí rọ̀ padà sílẹ̀.

Kí ni mo rò? Májèlé ni mo rò! Nínú gbogbo ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, òun nìkan ló ń mí. Mo figbe ta. Orúkọ ajá ni mò ń pè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ni yóò gbọ́ ọ bí orúkọ? Obìnrin ń sunkún, ó ń ké pé kí ni mo ṣe yín, kí ni mo ṣe yín! Gbogbo ilé tú jáde.

Ìyá Sùmọ́nù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàgbàtàgbà.

"Ìyàwó, o ò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. "Èmi ni mo fún un lóògùn."

Ó ní òun gbọ́ bí ajá náà ṣe ń kérora lẹ́yìn yàrá òun, èmi sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rántí ohun tí mo wí lọ́jọ́ tí mo gbé ìgò sókè, òun náà sì ti lọ gba ìgò kan sílé. Ó kán an sínú ògì nínú àkúfọ́ igbá, ó sì gbé e dúró sí ajá lẹ́nu títí tó fi lá a tán.

"Ẹ̀kán márùn-ún náà ni, bí o ti wí. N ò fi ẹyọ kan lé e."

Ẹ wò ó, obìnrin tó ń ká ẹní nítorí ajá! Ó ní itọ́ rẹ̀ dà sí òun lọ́wọ́ dé ìgúnpá, òun sì fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kí òun tó ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán. Kí n tó la ẹnu, ó ti dìde, ó ti ń tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní kí n dúró ti ajá, pé òun tí òun fa ọ̀rọ̀ ni yóò lọ pe olóògùn. Òkè Padre nìyẹn o, àti orúnkún tó máa ń sọ pé ó ń dun òun!

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í wo ajá. Ìyá Sùmọ́nù jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní òun ò dìde. Bí ó ṣe tẹ̀ lé e wá nìyẹn.

Ó ṣí ojú ajá wò, ó gbọ́ èémí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá kọ́lì òyìnbó ni. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní òun ti gbọ́ nípa méjì irú ajá yìí gan-an tí wọ́n fún ní oògùn kan náà, ìwọ̀n tí ajá ilé wa lè lá kó máa sáré kiri, tí wọ́n sì ṣubú báyìí. Ọ̀kan nínú wọn kò jí mọ́. Ohun tó fà á nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní òun ò mọ̀. Ó wá bi mí bóyá ẹni tó ni ajá ò kìlọ̀ fún wa ni.

Mo ní ó kọ ìwé sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti bù máṣọ.

Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí bébà tó nípọn ṣe ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, mi ò rí ẹni kà á fún mi, mo sì rí i pé bébà náà dára. Mo fi gé ìwọ̀n ọrùn ẹ̀wù! Mo sáré wọlé, mo já a lára ìṣó, mo gbé e fún olóògùn pẹ̀lú ihò ọrùn láàárín rẹ̀. Ó kà á: ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ máa ya irun rẹ̀. Ó dé etí ihò: ẹ má ṣe fún un ní... Sísọ́ọ̀sì mi ti gé ìyókù lọ. Ìsàlẹ̀ ihò ni ó ti tún bẹ̀rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá rẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ẹnikẹ́ni. Bùbá tó wà lọ́rùn Ìyá Sùmọ́nù lọ́jọ́ náà gan-an, tó fi rán ọmọ rẹ̀ sí mi nígbà Iléyá, bébà yẹn ni mo fi gé ọrùn rẹ̀.

Olóògùn ní kò sí ẹ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ òun. Ó ní kí a po kọfí tó le, kí a máa kán an sí ajá lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí a fi aṣọ bò ó, kí a máa fi ọwọ́ ra á lára. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má jẹ́ kó sùn wọra. Kí a máa pe orúkọ rẹ̀ láìdákẹ́.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo doríkodò. Ìyá Sùmọ́nù ló dáhùn.

"Kínimoṣeyín ni."

Agolo kọfí ọkọ mi ṣì wà ní àjà, òun ni mo pò. Mo jókòó sí ìdí ajá, mò ń ra ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń pè é títí ohùn mi fi há. Ni ìyáálé mi bá sún mọ́ orí rẹ̀, ó gbà á lẹ́nu mi. "Kínimoṣeyín! Kínimoṣeyín!" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ajá ló kọ́kọ́ ń pè. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé kì í ṣe ajá nìkan ló ń pè mọ́. Ó ń bi mí léèrè ni.

Mo ní, "Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, Ìyá."

Ó tún pè é. Mo tún dáhùn. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é, tí omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Mo wá bi í, kí ló dé tí wọ́n fi ń ká ẹní wọn bí ajá bá ń bọ̀?

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yà lẹ́nu. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé ajá kò gbọdọ̀ tẹ ẹní ìkírun ni? Ó ní bí òun bá fi ẹní sílẹ̀, òun ní láti lé ajá. "Ẹranko tí ọkọ rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, mo fẹ́ máa fi igi lé e ni? Kí n má baà lé e ni mo ṣe ń ká ẹní mi."

Háà! Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ẹni tó ń ṣàánú mi.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú bọ̀, àwọn àgbò fúnra wọn dé láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ké wúruwùru lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó dà wọ́n. Etí ajá gbéra. Ó gbé orí sókè, orí yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó tún gbé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́! Ìyá Sùmọ́nù pariwo "Àlùhàmúdù!", èmi pariwo "Ògo!", ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní mọ èwo ni ṣọ́ọ̀ṣì èwo ni mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ajá fi ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kó tó rìn gaara.

Mo kọ́gbọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìka ò dọ́gba. Ajá náà ò dọ́gba. Ẹni tó bá ní ajá kọ́lì, kó má ṣe wo ohun tí ajá ilé lá kó tó fún un. Kó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ìwé tẹ́ ẹ ò lè kà, ẹ wá ẹni kà á kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé oògùn kan ti ṣe ẹran ọ̀sìn yín báyìí rí? Ṣé ẹ ti bínú sí ẹnì kan rí, láìbi í léèrè, kẹ́ ẹ tó wá mọ̀ pé àánú yín ló ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ síbí, kí gbogbo wa lè gbọ́n.

Mo fẹ́ pa orúkọ ajá dà, ìyáálé mi kọ̀. Ó ní ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹ kó máa gbọ́ èsì. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọgun "Kínimoṣeyín!" láràárọ̀, á dáhùn láti inú yàrá rẹ̀ pé, "O ò ṣe wá ní nǹkan kan!" Ìgbà náà ni ajá tó ń wá. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n etí Ìyá Sùmọ́nù ti ń wúwo báyìí. Láàárọ̀ òní mo pe ajá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ajá kò wá bá mi. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìyá, kò tẹ ẹní, ó kàn ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá tó gbójú sókè rí i. Ó rọra ká etí ẹní rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn.

Ìgbà náà ni ajá dìde, tó wá bá mi.