Díákónì Tó Kó Bíbélì Kún Gbọ̀ngàn Eré

Ohun tí gbogbo Ìkẹjà fi ń rántí olóògbé Díákónì Akínfẹ́nwá ni ọjọ́ tó kó Bíbélì kún gbọ̀ngàn eré, tí kò sì sí èèyàn níbẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A ní ẹgbẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, Àwòdì Ìkẹjà lorúkọ wọn. Àárín àwọn ilé-iṣẹ́ ni gbọ̀ngàn wọn wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, tó fi jẹ́ pé òórùn ọṣẹ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń mí símú. Àwọn aláṣẹ ìdíje kéde pé ó ti sú àwọn láti máa gbé kámẹ́rà wá ya àga òfìfo. Bí gbọ̀ngàn náà kò bá kún lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìlọrin bá wá, àwọn máa kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Àbújá.

Díákónì gbọ́, kò lè jẹun. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó kó gbogbo Bíbélì ṣọ́ọ̀ṣì wa dání, ó kó ìwé orin, ó kó áńkáṣíìfù, ó tò wọ́n sórí àga lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwa ọmọ ìjọ ṣe máa ń fi Bíbélì gba àyè de ẹni tó ń bọ̀. Ó rò pé bí àwọn èèyàn bá pẹ́, àga wọn á ti dúró dè wọ́n.

Ni Oyèbọ́lá bá wọlé, obìnrin tí àwọn aláṣẹ rán láti wá wo bí èrò ṣe pọ̀ tó.

"Bàbá, ẹ káàsán o. Àwọn èèyàn dà?"

"Wọ́n ti dé, mádáàmù. Wọ́n jáde díẹ̀ ni."

"Gbogbo wọn?"

"Ilé ìtọ̀ ni wọ́n lọ."

"Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ìfẹ́ wà láàárín wa."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí Àlájì Suara fi já wọlé, òógùn bò ó. Ọ̀rẹ́ Díákónì ni, Agége ló ti ń ṣe búrẹ́dì. "Díákónì, o ti pa wá! Mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ mi wá. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí Bíbélì lórí gbogbo àga, wọ́n ní àyè ti tán. Wọ́n ti padà s'Ágége!"

Kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn ará ìjọ wa pàápàá wá, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú owó ara wọn wá, wọ́n dúró lẹ́yìn, wọ́n wò yíká, wọ́n lọlé. Nílùú tí wọ́n ti ń jí bátìrì lára mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó láyà láti gbé Bíbélì kúrò lórí àga.

Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. "Bàbá, ìdíje kan ló kù fún yín nílé. Mo máa bá yín bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n èèyàn ni mo fẹ́ rí o. Ẹ jẹ́ kí Bíbélì sinmi."

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni Díákónì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike ló ti fẹ̀yìn tì, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan rí láyé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn náà la ti ń jọ́sìn, ariwo wọn sì ń dí ìwàásù lọ́wọ́. Àwọn àgbà ìjọ rán Díákónì pé kó lọ bá wọn wí. Ó jáde pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n wàásù tán, wọ́n gba ọrẹ, a ṣe oore-ọ̀fẹ́, Díákónì ò dé. Nígbà tí wọ́n máa fi rán ẹlòmíì lọ wò ó, òun ló ń pariwo jù níbẹ̀.

Nítorí pé Ìwé Mímọ́ ní ká bọ̀wọ̀ fún àwọn tó wà nípò àṣẹ, kì í bú réfárì láìfi ọ̀wọ̀ kún un. "Ẹ̀yin ọ̀gá réfárì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá ni o, ojú yín ti fọ́ pátápátá, sà!" Réfárì kan yíjú padà lọ́jọ́ kan, ó bi í pé ṣé òun ló ń bú. Díákónì ṣí fìlà. "Èmi kẹ̀? Mo ń gbàdúrà fún ojú náà ni, sà."

Àdúrà rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fún àlejò láyè láti dá ju bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́, Díákónì á dìde: "Kó má wọlé!" Gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ á ní, "Àmín!" Ti Àlájì Suara ló máa ń gùn jù. Lọ́jọ́ kan, géńdé kan láti Pọtá ṣe àmì àgbélébùú sí àyà rẹ̀ kó tó ju tiẹ̀. Díákónì jókòó wọ̀ọ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé.

"Kí ló ṣe ọ́?" Suara jágbe mọ́ ọn.

"Arákùnrin nínú Olúwa ni."

"Àwa tá a jókòó síbí ńkọ́? Kèfèrí?"

Èmi náà bi pásítọ̀ wa pé bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá gbàdúrà, ti ta ni Ọlọ́run ń gbọ́? Ó ní kí n ṣọ́ra fún ìbéèrè tó bá ti pọ̀ jù.

Kì í kúkú ṣe pé Ìkẹjà ò mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Àgídìngbì lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ọ, àti bàtà tí wọ́n ń wọ̀, àti obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúṣínà, ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù Àwòdì, tó ń tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà èyíkéyìí wọlé, ń tò láàárín wọn níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, wọ́n wò ó sókè, wọ́n wò ó sílẹ̀, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn yí gílóòbù.

Bí ìdíje tó kù ṣe ń sún mọ́lé, Díákónì ń rù. Suara ní kó fi Ọlọ́run sí i, kó gbàgbé Àwòdì.

"Àlájì, ibo ni kí n máa lọ? Iṣẹ́ ti parí, àwọn ọmọ ti lọ Kánádà. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń béèrè mi bí mo bá pẹ́."

Suara fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì forí korí.

Ní Jímọ̀ọ̀, Suara dìde ní mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ó ní àwọn onígbàgbọ́ ti ń fọ́nnu pé kò ní sí àyè fún Mùsùlùmí kankan ní gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Díákónì dìde nígbà ìfilọ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, "Mo gbọ́ pé mọ́ṣáláṣí Àlájì Suara ló máa gba gbogbo àga lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní àwa ò tó bẹ́ẹ̀." Ó jókòó. Gbogbo ìjọ ń kùn.

Ìfẹ́ ti pè wọ́n títí, wọn ò dá a lóhùn. Ìlara pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sáré dé.

Ìjọ wa gba apá ọ̀tún, mọ́ṣáláṣí gba apá òsì, wọ́n ń wo ara wọn bí ọlọ́pàá ṣe ń wo olè. Àfi ìgbà tí àwọn àlejò ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sápẹ̀rẹ̀. Apá méjèèjì figbe ta pa pọ̀, wọ́n sì gbàgbé ohun tí wọ́n bá wá. Kí eré tó dé ìdajì, olórí àwọn ìyá ìjọ wa ti ń jẹ gúgúrú nínú ọ̀rá ìyàwó lémọ́mù. Oyèbọ́lá ò rí ibi jókòó. Ó fara ti ògiri. "Bàbá," ó ní, "ó ti tó." Ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn ò lọ Àbújá mọ́.

Mo bi Díákónì lẹ́yìn náà pé ṣé kì í ṣe irọ́ ló pa nínú ilé Ọlọ́run.

"Irọ́ bíi ti báwo? Mo ní mo gbọ́. Àlájì ló sọ ọ́ fún mi."

"Ta ló sọ ọ́ fún Àlájì?"

"Èmi ni."

Àsìkò òjò ọdún yìí ló kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìjọ gbààwẹ̀, mọ́ṣáláṣí ṣe àdúà, Olúṣínà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bó sì ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dókítà dọ́gba. Díákónì lọ síbẹ̀síbẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà. Mi ò ní sọ pé ó yé mi.

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Bùsáyọ̀, kò fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn yẹn rí. Eré àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń pè é. Nígbà tí ìdíje tuntun bẹ̀rẹ̀, Suara yà kí i, ó bá a níbi tó ti múra, tó gbé báàgì kọ́pá.

"Màmá Bùsáyọ̀, ibo lẹ fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wo ohun tó ń gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi ní gbogbo Sátidé."

Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n jókòó síwájú. "Àwọn wo ni tiyín níbẹ̀?" ló béèrè.

"Àwọn tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, Màmá."

"Wọ́n mà rù o."

"Wọ́n ń jẹun."

"Irú oúnjẹ wo?"

Ó ká ọwọ́ gbera, kò pariwo, kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Olúṣínà ń lé bọ́ọ̀lù, tó ṣubú lulẹ̀ gbì níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbọn eruku ẹ̀yìn rẹ̀ nù, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Eré parí, èrò ń jáde, ó ṣì jókòó.

"Màmá, ó ti parí o," Suara sọ fún un.

"Mo rí i." Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé báàgì. "Ìgbà wo la tún máa gbá?"