Bàálù Kejì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Àmùkókò ní Èkó, kò sí nǹkan tí èmi àti èkejì mi kì í pín. Ìbejì ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bí Yorùbá ṣe ń kà á: ẹni tó dúró sẹ́yìn ló rán ẹni tó ṣíwájú pé kó lọ wò ó bóyá ayé dùn. Èmi ni mo lọ wò ó. Èmi ni mo ní ó dùn. Kí Ọlọ́run má ṣe ka irọ́ yẹn sí mi lọ́rùn.

Ní àdúgbò Marine Beach, lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí ní ṣọ́ọ̀bù onípákó kan. Ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní ọ̀pá méjì tí a fi ń darí bàálù kékeré méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù. Àwọn bàálù ọ̀tá á máa ya wọlé látòkè bí eéṣú, àwa á sì máa yìnbọn fún wọn. Èmi ni mo máa ń mú pupa, mo sì máa ń ṣíwájú. Òun á wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú búlúù, á máa já èyí tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọlù mí lulẹ̀. Ní iléèwé, ẹ̀yìn pátápátá la máa ń wà, ṣùgbọ́n nídìí gẹ́ẹ̀mù yẹn, àgbàlagbà ń wá wò wá.

Bàálù ńlá kan wà ní ìparí, tó fẹ̀ débi pé ó bo gbogbo ojú dígí. Kò tíì sí ẹni tó já a lulẹ̀ rí ní gbogbo àdúgbò. A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ku díẹ̀ kí ó gbiná, iná mànàmáná lọ. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wù mí mọ́, àfi kí a padà lọ.

Ní ọjọ́ kejì, èkejì mi jí pẹ̀lú orí fífọ́, ara rẹ̀ sì gbóná. Ìyá wa ní kí ó sùn, ó sì gba ọjà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ràn mi lóòótọ́, yóò dìde. Ó dìde. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò bu iyọ̀ sí i. A gba Ajégúnlẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ lé mi léjìká. Nídìí gẹ́ẹ̀mù, ọ̀pá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tètè pa á, wọ́n sì pa èmi náà, a kò tilẹ̀ rí bàálù ńlá yẹn. Bí a ti ń padà bọ̀, òjò ká wa mọ́nà, ó sì pa wá títí dé ilé.

Nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Bàbá wa, tó ń wa tírélà ní Àpápá, gbé e sínú tírélà náà lọ sí ọsibítù. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí i nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá dá wálé. Wọ́n ní ó ti lọ sí Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kó lọ sinmi. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo tilẹ̀ jowú rẹ̀.

Mi ò yéé lọ sí Marine Beach. Mo máa ń sanwó ẹni méjì, màá fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá tèmi mú, màá fi ọwọ́ òsì di tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ipò rẹ̀ kí ó tó dé. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n ń jà nítorí ẹni tó kàn. Kò sí èyí tó fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn. Ọmọ kan tó jẹ́ àlejò na ọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan, bàbá onígẹ́ẹ̀mù gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Comot hand! Nobody dey touch that one."

Mo rò pé ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n, mo sì ń yan kiri. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi èmi. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ ti kú, kí òun náà má baà tẹ̀lé e.

Nígbà tí Iléyá dé, a lọ sí Ìsẹ́yìn. Mo sá wọlé ṣáájú ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ kú ilé o. Èkejì mi dà?"

Kò sẹ́ni tó ti bá ìyá àgbà sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ohun tí wọ́n ń sọ nílùú wọn fún ìbejì tí èkejì rẹ̀ bá ti kú lòun náà sọ.

"Ó lọ sí Èkó, ọmọ mi. Ó lọ sí Èkó."

Èkó ni mo ti ń bọ̀. Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà, ó sì gbọ́. Ẹrù orí rẹ̀ já bọ́. Mo wo ojú àwọn méjèèjì, mo sì mọ̀. Mi ò béèrè mọ́, mo jókòó jẹ ẹran Iléyá.

Bàbá mi ti kú báyìí, ìyá mi náà ti kú. Wọ́n lọ láìsọ ọ́ fún mi rí, wọn kò sì sọ ohun tó pa á. Ibà ni àbí òjò? Ṣé ìbá yè ká ní mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní? Mi ò rí ẹni bi nígbà tí àwọn tó mọ̀ wà láyé, torí a kì í sọ ọ́. Báyìí tí ẹnu mi gbà á, wọn kò sí mọ́. Mo ti darúgbó sínú ìbéèrè yìí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kékeré gbé gẹ́ẹ̀mù kan dé, èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ilé. Gẹ́ẹ̀mù wa àtijọ́ yẹn gan-an ni, wọ́n tún un ṣe. Ìkuukùu ń rìn nínú rẹ̀, bàálù sì ní òjìji. Mo béèrè ẹni tí yóò bá mi mú búlúù. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àgbà, ẹ ò need ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ ibí, gẹ́ẹ̀mù fúnra ẹ̀ á máa wà á."

Ni bàálù búlúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi, tí kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pa mí, ọmọ náà á ní kí n tẹ bọ́tìnì kan, màá sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo kú sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kú, tí mo ń jí, títí bàálù ńlá yẹn fi yọ. Mo já a lulẹ̀. Ìrẹsì tí ìyá ọmọ náà gbé kaná kò tíì hó. Ọmọ náà pàtẹ́wọ́ fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ jókòó sí yàrá mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin lè gbá gẹ́ẹ̀mù ní ẹ̀yin nìkan, láti àárọ̀ dé alẹ́, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé ìyẹn kò dáa, pé ọmọdé òde òní kò mọ eré àjọṣe. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí láyé ọjọ́un, ǹ bá ti fi èkejì mi sílẹ̀ kí ó sùn.