Ewúrẹ́ Tó Jẹ Awọ Ọ̀pá Alàájì

Ewúrẹ́ ìyá mi ń jẹ awọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ó ti gbé ìdajì mì, ìdajì tó kù ń fì lẹ́nu rẹ̀ bí ahọ́n kejì. Mo di ọ̀pá mú lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fi tòsì fa awọ. Ewúrẹ́ fà, èmi náà fà. Gbogbo Ifọ̀ dákẹ́. Ọkọ̀ rélùwéè tó ń bọ̀ láti Èkó pàápàá dúró sí tèṣọ̀n láti wò wá, bí àwọn kan tilẹ̀ máa sọ pé ibẹ̀ ló máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, awọ já. Ewúrẹ́ gbé tirẹ̀ mì, ó wò mí lójú, ó ní "mẹ́ẹ̀."

Ọ̀pá tí mò ń wí yìí, èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì ni, eré tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sùnúkà. Alàájì kan tó ń ta obì ló ra tábìlì náà láti Èkó, tó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ogún ọkùnrin ló gbé e wọlé. Ìyá mi ní mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ìyá mi kò sí níbẹ̀. Ìdí ọ̀pá náà, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, awọ ni wọ́n wé mọ́ ọn. Bàbá kan tó gba yàrá nínú ilé wa ló wé e. Ọ̀yọ́ ni bàbá náà ti wá. Ó ń ṣe àkọ̀ ọ̀bẹ, ó ń ṣe àpò, ó ń ṣe tìmùtìmù.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró ọ̀bẹ rẹ̀ lórí pátákó la fi ń mọ̀ pé ó ti jí. Yàrá rẹ̀ ń rùn òrí, ó ń rùn awọ tútù, ó ń rùn sítáàsì tó ti ń kan. Inú omi ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi bá fún nígbà tó bá ń ṣe gaàrí ni wọ́n ti ń rí sítáàsì ọ̀hún. Bàbá á sè é títí á fi ki, á sì fi lẹ awọ. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan ní Ọ̀yọ́, òun fi awọ tútù so igi ọ̀pẹ méjì pọ̀, nígbà tí awọ sì gbẹ, àwọn igi náà ti sún mọ́ra débi pé adìẹ ò lè gba àárín wọn kọjá. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́.

Oṣooṣù ni Alàájì máa ń gbé ọ̀pá wá fún ìtọ́jú, torí òógùn ọwọ́ a máa ba awọ jẹ́. Bàbá á rẹ aṣọ sínú omi, á fún un títí tí kò ní kán tótó mọ́, á fi nu awọ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Á gbé e sí ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi kó gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á bu òrí tí kò ju wóró ẹ̀wà kan lọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ rà á mọ́ awọ títí tí aṣọ funfun kò ní gba àbàwọ́n lára rẹ̀ mọ́. Á wá fi ìdí ìgò dán an.

"Awọ ò fẹ́ kí wọ́n kẹ́ òun," ló máa ń wí. "Ó fẹ́ kí wọ́n máa rántí òun ni."

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní ó rán àkọ̀ kan tí ọ̀bẹ ò wọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin aránbàtà kan sì wà lẹ́bàá tèṣọ̀n tí ojú rẹ̀ mú bíi ti àwòdì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alàájì fúnra rẹ̀ gbé ọ̀pá wá.

"Bàbá, ọ̀gbẹ́ni kan ń bọ̀ láti Ìbàfò lọ́la. Ó ní inú ilé mi lòun ti máa nà mí nídìí bọ́ọ̀lù orí tábìlì yìí. Bí ọwọ́ mi bá yọ̀ pẹ́nrẹ́n lórí awọ yìí, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀dọ̀ aránbàtà ni mo máa gbé e lọ."

"Ọwọ́ yín ò ní yọ̀, Alàájì."

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Alàájì bá gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ bàbá, kò sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní Ifọ̀. Á di kó padà sí Ọ̀yọ́, níbi tí kò ti ní ilé, tí kò ní ọmọ.

Bàbá nu awọ, ó gbé ọ̀pá sí ibòji, ó ń lọ kírun Alásárì. "Má fọwọ́ kàn án o."

Mo ní mo gbọ́. Etí mi gbọ́ lóòótọ́, ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi nígbà náà. Láràárọ̀ ló ń fi òrí pa á láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń gbé e sínú oòrùn àárọ̀, ara ọmọ náà á sì máa dán. Mo wo ọmọ, mo wo awọ. Mo ní ohun tó bá dára fún awọ èèyàn, kò lè burú fún awọ ẹran. Mo fẹ́ ran bàbá lọ́wọ́, kí ọ̀pá náà dán tó fi jẹ́ pé Alàájì á máa fi wojú. Mo bu òrí kún ọwọ́, mo kùn ún nípọn, mo gbé ọ̀pá sórí òkúta nínú oòrùn. Òrí yọ́, ó wọ abẹ́ awọ, sítáàsì rọ̀, etí awọ ṣí. Kí n tó gbọ́ òórùn sítáàsì náà, ewúrẹ́ ti gbọ́ ọ.

Bàbá dé pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, kò bá nǹkan kan.

"Ọ̀pá dà?"

"Bàbá, ìjì kan ló jà."

"Mọ́sáláṣí ni mo ti ń bọ̀, n ò gbúròó ìjì."

"Kékeré ni, sà. Àgbàlá wa nìkan ló ti jà."

Mo na ọ̀pá sí i. Ó fi ìka wá ìdí rẹ̀ wò, ó bá ojú eyín lára awọ tó kù. "Ìjì náà ló jẹ awọ?"

"Ó jẹ díẹ̀."

Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Ó gbé e símú. "Ìjì yìí ń rùn òrí o."

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ti fa pàṣán yọ. "Bàbá, ẹ yẹra kí n lu ọmọkọ́mọ yìí! Ó ti bá yín ba iṣẹ́ jẹ́!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá ọmọ. Mo fẹ́ lo ojú rẹ̀, ojú tó bá ń sunkún kì í ríran."

"Ojú rẹ̀ kẹ̀?"

Bàbá jókòó sórí àpótí. "Òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ kiri. N ò rí etí awọ mọ́. Ìka ni mo fi ń ṣe é."

Ìyá mi sọ pàṣán sílẹ̀, ó lọ gbé sítáàsì kaná.

Bàbá mú àpò tirẹ̀ wá, èyí tó gbé kọ́ èjìká dé láti Ọ̀yọ́, torí pé awọ rẹ̀ ti rọ̀ dáadáa. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

"Bí mo bá ń yà, wí."

"Ẹ ń yà sọ́tùn-ún, Bàbá. Ẹ padà díẹ̀. Ẹ máa bọ̀."

Ó gé e ní ọ̀já gígùn kan. Èmi ń yí ọ̀pá, òun ń wé awọ mọ́ ọn bí ejò ṣe ń wé mọ́ igi. Ó bi mí bóyá àlàfo wà. Mo ní kò sí, torí ó ti ń rẹ̀ mí.

"Irọ́. Ìka mi ti rí i. Tú u, ká tún un wé."

A tú u, a tún un wé, ó sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Láti ọjọ́ náà, n ò purọ́ mọ́ títí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì la gbé ọ̀pá lọ. Àlejò Ìbàfò ti dúró ti tábìlì, èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé bàbá á gbé ọ̀pá sílẹ̀, á sì máa lọ. Kò lọ.

"Alàájì, ewúrẹ́ jẹ awọ ti tẹ́lẹ̀. Èyí tuntun ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é, ojú ọmọ yìí ló rí i. Ojú tèmi ti lọ. Ẹ dì í mú wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Alàájì di ìdí ọ̀pá mú, ó yí i, ó tún yí i, ó pa ojú dé.

Àlejò rẹ́rìn-ín. "Alàájì, ṣé ẹ fẹ́ gbé ọ̀pá níyàwó ni, àbí ẹ fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àlejò na Alàájì bí ẹni na bàrà. Bọ́ọ̀lù tí Alàájì bá gbá, ojú ihò ló ti ń yà. Mo ń retí ìgbà tó máa dárúkọ awọ. Nígbà tó pàdánù tán, ó bú bàtà rẹ̀ pé ó ń yọ̀. Ó bú tábìlì pé ó dagun. Ó bú ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sè lánàá. Lẹ́yìn náà ló wá fi etí agbádá nu ìdí ọ̀pá, jẹ́jẹ́, ó yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ó tún di oṣù tó ń bọ̀ o."

Èémí tí mo mí jáde níbẹ̀ ṣí fìlà ọkùnrin méjì.

Mowe ni mò ń gbé báyìí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, irọ́ ni mo fi kún ìyókù, ojú tèmi náà sì ti ń ṣú. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń díbọ́n. Mo mọ ẹnì kan tó ń ka ìwé ìròyìn tó dorí rẹ̀ kodò, tó tún ń mi orí sí i. Èmi kì í díbọ́n. Bí mo bá fẹ́ fi òwú sínú abẹ́rẹ́, tàbí kí n mọ oògùn tí wọ́n ní kí n lò lẹ́yìn oúnjẹ, ẹni tó bá wà nítòsí ni mo máa ń pè: "Jọ̀ọ́, wá bá mi ríran." Ohùn mi kì í gbọ̀n. Mo ti gbọ́ bí àgbàlagbà kan ṣe sọ ọ́ lójú èrò, ilẹ̀ ò sì là gbé e mì, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.