Ulé Ni Ẹ̀gbọ́n Mi Fẹ́ Pè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì ń pọn àbúrò mi, kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní kóòṣì ní Ìkẹ́rẹ́. Tíṣà Bọ́ọ̀lù là ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n mi lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ń pariwo pé kóòṣì tibí dára, kóòṣì tọ̀hún kò mọ nǹkan kan, ẹ rò pé ìyá àgbà kì í gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Mo ń gbọ́. Ẹ ní ẹni tó bá gba ife ni kóòṣì tó dára. Ẹ ṣeun. Tíṣà Bọ́ọ̀lù tiwa gba ife. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mìíràn tó gbà mọ́ ọn fún yín.

Kí ó tó dé, eré lásán ni bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé wa. Àwọn ọmọkùnrin á kàn máa sáré tẹ̀lé e gìrìgìrì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìwọ bàtà, ẹni tó bá sì rí i gbá á gbá a. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló máa ń dúró sójú kan, torí pé òun ni aṣọ́lé. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, tó sì mọ̀ pé òun lè mú un, á figbe ta, á ní, "Ulé!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n yà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa bọ̀ wá bá òun. Ilé ni ẹ̀yin ń kà nínú ìwé, ulé ni ó wà lẹ́nu àwa. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Bí ó bá ti pè é, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn á yà, òun á sì gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́ àyà.

Tíṣà náà wá dé. Abúlé kan lẹ́bàá Ìgbàrà-Odò ni wọ́n ti bí i, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní ọ̀nà jíjìn, nígbà tó sì ń bọ̀, ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣòkòtò péńpé funfun tó gan, ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún, fèrè lọ́rùn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ bọ́ọ̀lù. Ó pín àwọn ọmọ, ó ní kí àwọn kan dúró lẹ́yìn, kí àwọn kan dúró níwájú. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi orí ẹsẹ̀ gbá a, kì í ṣe ọmọ ìka. Ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí aṣọ́lé ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà bó. Láàárọ̀, kí aago ilé ìwé tó lù, wọ́n á ti sáré dé ẹsẹ̀ òkè Olósùnta, wọ́n á sì ti padà. Kò pẹ́ tí a fi ń na àwọn ilé ìwé tó máa ń nà wá tẹ́lẹ̀.

Ẹnu ni àìsàn rẹ̀. Kò fẹ́ gbọ́ Èkìtì létí rárá. Nínú kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Lórí pápá, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro, kí ó jẹ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá àgbọ̀n ewúrẹ́ gbígbẹ kan, tí eyín ṣì wà lára rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá pe iṣu ní uṣu, ẹni tó bá pe igi ní ugi, ọrùn rẹ̀ ni àgbọ̀n náà máa ń lọ. Bí onítọ̀hún bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ṣèèṣì sọ Èkìtì, á bọ́ ọ fún un. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí fèrè ìkẹyìn bá dún ni ẹgba ń dúró dè. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù, ẹnu ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e kọ́rùn jù, torí pé iṣẹ́ aṣọ́lé ni kó máa pariwo. Tíṣà ní kó máa pe "Kípà!" Ó gbìyànjú. Kó tó rántí Kípà, bọ́ọ̀lù á ti kọjá lára rẹ̀. Bí ìyá wa bá ń fi àdín pa á lára ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń rí ojú ibi tí eyín ewúrẹ́ ti ha á láyà. Ìyá wa sọ ọ́ fún bàbá wa, bàbá wa ní tíṣà ló mọ ohun tó ń ṣe, ṣé kò rí i pé wọ́n ti gba ife ni? Bí gbogbo ìlú ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá tíṣà náà tilẹ̀ wá kí i lọ́jọ́ kan. Arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrù lórí, eruku lẹ́sẹ̀. Àárín pápá ló ti bá a, níṣojú gbogbo wa.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo gbé uṣu wá fún ọ."

Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Iṣu, Màmá. Iṣu ni."

Ìyá náà rò pé kò gbọ́ ni. Ó ní, "Hẹ̀n, uṣu ni. Uṣu tuntun ni."

A bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà na gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó na èmi náà. Ìyá rẹ̀ dúró wò ó títí ó fi nà wá tán, ó wá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa, tíṣà," ó sì yí padà lọ. Kò pè é lọ́mọ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra ọkùnrin náà, mi ò sì tíì jáwọ́.

Òkìkí ẹ̀gbọ́n mi wá kàn dé Àkúrẹ́. Ọ̀gá kan ní ilé ìwé gíga kan níbẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo aṣọ́lé tí wọ́n ń sọ, lọ́jọ́ tí a bá bá àwọn ọmọ Ìsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á mú un lọ, bàbá wa kò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́ nígbà náà? Oko kòkó ni bàbá wa ń ṣe, a sì pọ̀ nílé. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá bá ọ̀gá yẹn lọ, àdá ló kàn. Ìyá wa fọ ṣòkòtò rẹ̀, ó sá a sórí ààrò kó lè tètè gbẹ. Bàbá wa tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń lọ oko, kò lọ oko lọ́jọ́ náà.

Tíṣà to àwọn ọmọ jọ kí wọ́n tó wọ pápá. Mo gbé igbá ọsàn lọ síbẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní àlejò ń bọ̀. Ó ní ẹni tó bá fi ẹnu igbó dójú ti òun níwájú àlejò, níwájú àlejò náà ni òun yóò ti nà án.

Àwọn ọmọ Ìsẹ̀ dé, ariwo wọn sì gba gbogbo pápá. Wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, Èkìtì ni gbogbo rẹ̀. Tiwa dákẹ́ rọ́rọ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń mú bọ́ọ̀lù. Ó mú ti òkè, ó mú ti ilẹ̀, ó bẹ́ sílẹ̀ lójú àlejò náà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́. Àlejò ń mi orí pé ó dára. Bàbá wa rí i tó ń mi orí, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

Ọmọ Ìsẹ̀ kan wá ta bọ́ọ̀lù kan sókè. Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń dúró lẹ́yìn, tó tóbi jù nínú wọn, ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òkè ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ òpó ilé bọ́ọ̀lù ni èmi àti igbá ọsàn mi wà. Mo rí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ká ètè rẹ̀ jọ, bí ẹ ṣe máa ń ká a jọ bí ẹ bá fẹ́ sọ "u." Ojú rẹ̀ wá yà sí ibi tí Tíṣà dúró sí. Ó sì pa ẹnu dé. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó ń wá Kípà, kò rí i. Ọmọ ńlá yẹn fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a, kò kan bọ́ọ̀lù rárá, abẹ́ orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ló kàn. Ó dún. Gbogbo ọsàn inú igbá mi ló dà sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ Ìsẹ̀ hó yèè, nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ náà ni wọ́n tó dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ké lórí ilẹ̀ pé, "Ẹ gbé mi lọ súlé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ súlé!"

Tíṣà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a rò pé ó fẹ́ gbé e ni. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Sílé. Sọ ọ́ dáadáa. Àlejò wà níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ sílé, sà."

Ìgbà yẹn ni ó tó juwọ́ pé kí wọ́n wá gbé e.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Àlejò náà kò fi ọwọ́ òfo padà. Ó béèrè pé ta ni ọmọ ńlá tó dúró lẹ́yìn yẹn, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára. Òun ló mú lọ sí Àkúrẹ́. Ọmọ náà kàwé, ó di ènìyàn ńlá, mi ò sì bínú sí i, torí pé òun náà kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, Ẹmùrè ni wọ́n gbé e lọ, lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò nà mọ́. Àdá tí a ń sá fún náà, kò tilẹ̀ ṣe é mú, torí pé ẹsẹ̀ yẹn kò lè dé oko kòkó. Wọ́n gbé Tíṣà ga lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù, lórí pápá kan náà, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí Tíṣà kọ́ ọ ló fi ń kọ́ wọn, orí ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́, eré sísá dé ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Ṣùgbọ́n ẹnu ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa pe ara wọn láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun. Á ní, "Ẹni tó bá pa ẹnu dé, kó máa lọ súlé." Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó wà lọ́jà á gbọ́ wọn.

Ọjọ́ kan ni mọ́tò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ọkùnrin náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán, Tíṣà ni. Ó ti sanra, ó ti di ọ̀gá tó ń lọ káàkiri bẹ ilé ìwé wò. Kò mọ̀ wá.

Ó ní, "Àwọn ọmọ yìí dára o. Wọ́n ń pe ara wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi nìyẹn." Ó wá rí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. "Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Bọ́ọ̀lù ni, sà. Àwa méjì la sáré sí i, ẹnì kan kò pe ẹnì kejì."

Ó pòṣé, àánú sì ṣe é ní tòótọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹni tó kọ́ yín kò mọ iṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo ti la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi sì di etí ìró mi mú. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé Tíṣà kú, iyán ni mo ń jẹ lọ́wọ́. Uyán, jàre. Mo tún bu òkèlè mìíràn.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé àgbọ̀n ewúrẹ́ kọ́ ọmọ lọ́rùn mọ́. Kóòṣì tiyín ń wọ kóòtù, ó ń na ìka, iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ. Bí ẹ bá ń jiyàn lórí rẹ̀, èmi kì í wo ife tó gbà. Mo máa ń wo ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ bóyá ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àná. Ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé mi, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣọ́lé, ọwọ́ gígùn yẹn náà ló ní. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú yín sì ń sáré bọ̀ láìwo iwájú. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe láti orí àga mi pé, "Ulé!"

Gbogbo yín dúró. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní ulé?" Ẹnikẹ́ni kò nà án rí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.