Ajá Wa Tó Ń Rí Iwin

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé ajá wa ti ń rí iwin. Ẹnì kankan ò bi mí o. Mo kàn jókòó sí àgbàlá wa ní Ẹgbẹ́dá, mò ń jẹ ẹ̀pà, ni ajá bá dojú kọ sìlíńdà gáàsì tó ti wà lójú kan láti ọdún tó kọjá, ó ń gbó mọ́ ọn bíi pé sìlíńdà jí ẹran ẹ̀ jẹ.

Mo pariwo, "Ẹ wá wò ó o! Ajá yìí ti ń rí ohun tí àwa ò rí!"

Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ ná. Pólì ni mo wà, mo fi í sílẹ̀ ní ọdún kejì. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní mò ń sinmi díẹ̀ ni. Ìsinmi náà ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Tíṣà ni ìyá mi, ará Èkìtì, ẹni tó jẹ́ pé bí ìwé bá já bọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n wò mí títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ tó ò lè kàwé, ṣé o lè tọ́jú ajá?" Mo ní, "Kí ló wà níbẹ̀, mà?" Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé nìyẹn.

Ojú ajá náà sì ti ń ṣe ipin fún bí oṣù kan. Kì í ṣe ipin kékeré tí gbogbo ajá ń ní o. Èyí nípọn, ó ń fà bí ilá, bó bá di àárọ̀ ó máa lẹ ojú ẹ̀ pa. Ojú náà pọ́n. Ó ń fi ọwọ́ họ ọ́, ó ń fi orí nu ara ògiri. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo rí. Mo rò pé ajá tó sùn jù ni, bíi tèmi.

Ìyá onílé wa, arúgbó ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ìsàlẹ̀, gbọ́ ariwo mi, wọ́n jáde tàwọn ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n wo ajá, wọ́n wo sìlíńdà, wọ́n fà sẹ́yìn.

"Àǹjọ̀nnú ló rí yẹn. Ìwọ ọmọ yìí, mo mọ̀ ẹ́ o. Má fi ipin ojú ẹ̀ pa ojú! Ẹni tó bá fi ipin ajá pa ojú, gbogbo ohun tí ajá bá ń rí lòun náà á máa rí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbà mí o. Ta ni wọ́n ń sọ fún pé kó má ṣe nǹkan?

Kí wọ́n tó wọlé tán, ìka mi ti wà lójú ajá. Mo fa ipin náà, mo pa á sí ojú ọ̀tún mi, mo jókòó sórí bùlọ́ọ̀kù, mò ń retí iwin. Mo tiẹ̀ ti mọ ohun tí màá kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé pólì á tún gbà mí padà? Adìẹ kan ni mo rí, àti ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi tó já lórí okùn. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ojú mi ti wú bí àkàrà.

Ìyá mi ní, "Kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Àpólò ni, mà."

Wọ́n ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú fún mi ní kẹ́mísìtì. Ọjọ́ méjì, ara ti tù mí. Àánú ajá wá ṣe mí, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo ní oògùn tó wo ojú èèyàn, ti ajá ni kò ní wò? Mo wá ń kán ìyókù sí ojú ẹ̀ méjèèjì, àárọ̀ kan, ìrọ̀lẹ́ kan, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kìíní, pípọ́n ojú náà lọ sílẹ̀. Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e síta lórí fóònù kí gbogbo èèyàn lè rí i, mo kọ "Dókítà yín rèé" sábẹ́ ẹ̀. Òpònú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n iwin ń pọ̀ sí i. Ajá ń gbó mọ́ garawa. Ó ń gbó mọ́ aṣọ tí a sá. Bó bá dé ibi àtẹ̀gùn, á dúró, á na ẹsẹ̀ kan síwájú, á tún fà á padà. Ìyàwó tó ń gbé lókè wa fi òróró àdúrà yí ilẹ̀kùn wọn ká. Àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó, èmi ni mo sì ń ṣe alága: "Ẹ wò ó, ẹ wò ó, òmíràn ti dé yẹn!"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo lọ gẹrun ní ibùdókọ̀ Pleasure. Nígbà tí mo padà, mo ti géètì, búrẹ́dì ló kún ẹnu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ajá dìde. Irun ẹ̀yìn ẹ̀ dìde. Ó kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó tún sún mọ́ mi, ó fi eyín hàn. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn géètì, mo pọ búrẹ́dì dànù. "Jésù! Ó ti tẹ̀lé mi wálé!"

Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù. Ó sáré bọ̀, ó forí gbá irin géètì, gbàgà. Ó tún wá ọ̀nà, ó fi imú wá orúnkún mi títí tó fi rí i, ó wá ń lá a.

Èmi ni. Èmi ni iwin náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ju ọwọ́ síwájú ojú ẹ̀, fìrì. Kò ṣẹ́jú. Mo di orí ẹ̀ mú, mo wò ó. Ojú ọ̀tún ti rí bí ògiri ilé ìdáná tí èéfín ti bà jẹ́. Ti òsì ṣú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ọjọ́ méje ni mo fi ń kán oògùn sójú yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mi ò sì fara balẹ̀ wo ojú náà rí.

Mo pe ìyá mi. Wọ́n jáde pẹ̀lú bírò pupa tí wọ́n fi ń máàkì. Àwọn náà ju ọwọ́. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Látìgbà wo?"

Mo ní, "Látìgbà tí iwin ti dé, mà."

Kẹ̀kẹ́ márúwá mẹ́ta ló kọ̀ láti gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ìkẹrin ní, "Ẹ gbé e wọlé, ṣùgbọ́n tó bá tọ̀, ọmọ yín ló máa nù ún o."

Ìyá mi ní, "Á nù ún. Iṣẹ́ ẹ̀ ni."

Obìnrin ni dókítà ẹranko náà, lójú ọ̀nà Ìdímù. Kò ju mí lọ púpọ̀, ìyẹn náà dùn mí. Ó fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan há abẹ́ ìpéǹpéjú ajá, ó dúró díẹ̀, ó yọ ọ́.

"Ó yẹ kí omi ojú ti rin ín. Ẹ wò ó, mà, gbígbẹ ni. Ojú ẹ̀ ò ṣe omi mọ́. Ipin tó nípọn tó ń fà, ojú tó pọ́n tí kò dán mọ́, àmì ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má dúró."

Ìyá mi ò wò mí. Ó sàn kí wọ́n wò mí.

Dókítà kán nǹkan kan síbẹ̀, ó pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Lórí ẹyinjú òsì, ibì kan ń tàn yànran-yànran bí ewé tútù. Ẹnu mi là sílẹ̀.

"Egbò nìyẹn. Kí lẹ ti fi sí i?"

Mo ní, "Omi iyọ̀, mà."

Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó wo ìwé ẹnìkejì ẹ̀ nínú ìdánwò. Mo yọ ìgò náà lápò. Dókítà kà á, ó tún un kà.

"Oògùn yìí máa ń jẹ́ kí ojú má pọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n tí egbò bá wà níbẹ̀, ńṣe ló ń jẹ́ kí egbò náà máa jinlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí eléyìí lu."

Ìyá mi ní, "Ṣé oògùn Àpólò ẹ kọ́ nìyẹn?"

Kí n tó mọ̀, gbogbo ẹ̀ ti tú: ipin, bùlọ́ọ̀kù, iwin. Dókítà gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. "Jẹ́ n wo tìẹ náà."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá mi wí, "ẹ bá mi wo ọpọlọ ẹ̀ pẹ̀lú." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àwọn náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Ìyẹn ò dá mi lójú rárá, mà. Àpá ti bò ó. Ti òsì la máa kọ́kọ́ jà fún."

Ọ̀sẹ̀ méjì. Omi tí mo sè tí mo fi sílẹ̀ kó tutù. Òwú fún ojú kan, òwú mìíràn fún èkejì, láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ síta, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀, oògùn egbò. Lẹ́yìn ẹ̀, èyí tó ń ṣe bí omi ojú. Mo gé ìdí ike ọ̀dà, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn kó má baà họ ojú, ó wá ń gbá gbogbo ilé kiri bí ọ̀mùtí. Ìyá onílé ní, "Àwọn àǹjọ̀nnú ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ti kó lọ, mà." Mi ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìwà mi ti yí padà o, ẹ̀rù ló bà mí.

Nígbà tí a padà síbẹ̀, dókítà tún kán nǹkan tó ń fi egbò hàn yẹn, ó pa iná, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun tó tàn. Ìyá mi mí kanlẹ̀. Dókítà wá mú òwú kékeré kan, torí òwú kì í dún, ó jù ú sílẹ̀ níwájú ojú òsì. Orí ajá tẹ̀ lé e wálẹ̀. Mo pariwo, ajá mìíràn tí wọ́n so sí ìta sì dá mi lóhùn.

Ó tún ju òwú níwájú ojú ọ̀tún. Orí náà ò mì.

Mo ní, "Bóyá ó yá jù. Ẹ tún un jù, mà."

Ó tún un jù.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Dókítà wo ìyá mi. Ìyá mi mi orí pé kó ṣe é. Òwú náà rọra balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ajá, ajá sì ń wo ọ̀dọ̀ mi, ó ń ju ìrù, kò mọ̀ pé ohunkóhun já bọ́.