Búlúù Tó Wà Lábẹ́ Ẹrẹ̀ ní Fulọ́rẹ́ńsì

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìlobù. Iṣẹ́ kíkọ pátákó ni mò ń ṣe nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí odò ya wọ ìlú Fulọ́rẹ́ńsì ní Ítálì, tó ba àwòrán àtijọ́ wọn jẹ́. Olùkọ́ mi kan ló bá mi rí àyè láti lọ bá wọn tún un ṣe. Lọ́rí gbé mi dé Èkó, ọkọ̀ òfuurufú gbé mi dé Róòmù, rélùwéè sì gbé mi dé ibẹ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo títì wọn. Búrẹ́dì wọn kò níyọ̀ rárá.

Baba Píẹ́tírò, alátùn-únṣe àwòrán, ni wọ́n gbà mí sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Wọ́n sáré gbé mi dìde, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n na ẹyin kan sí mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Baba, mo ti jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀dà la fẹ́ fi pò."

Wọ́n là á yé mi pé ayàwòrán ayé àtijọ́ a lọ àwọ̀ kúnná, a fi pupa ẹyin pò ó, a sì fi kun pákó. Kíákíá ló ń gbẹ, nítorí náà ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ni ó máa ń fà. Nígbà tó yá, òróró hóró ọ̀gbọ̀ rọ́pò ẹyin. Èyí kì í tètè gbẹ, ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọnú òjìji díẹ̀díẹ̀ lójú ènìyàn tí wọ́n yà. Aṣọ tí a nà sì rọ́pò pákó, torí aṣọ ṣeé ká rìnrìn àjò. Ti ògiri, tí wọ́n ń pè ní fírẹ́sìkò, ìgbà tí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ṣì tutù ni wọ́n ń kùn ún. Bó bá gbẹ, àwọ̀ ti di ara rẹ̀. Mo rántí ìyá mi, tó máa ń fi ẹfun àti ilẹ̀ pupa kun ilé òrìṣà wa, tí òjò á sì fọ̀ ọ́ dànù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mò ń fi òwú tútù nu ẹrẹ̀ lára àwòrán pákó kan, ni búlúù bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Òkúta olówó iyebíye láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń lọ búlúù yẹn.

"Baba, mo ti ba nǹkan yín jẹ́!"

Wọ́n gba òwú lọ́wọ́ mi, wọ́n nu díẹ̀ sí i. Búlúù mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán.

"Ẹnìkan ló fi ọ̀dà olómi bo èyí nígbà kan," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí búlúù ìsàlẹ̀ yìí rí. Gíráásíè." Ẹ ṣeun ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún.

Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, dírẹ́bà já mi sílẹ̀ ní Ìfọ́n, ìlú tó múlé gbè wá. Ó ní, "Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù tún ti gbóná. N kò dé Ìlobù lónìí."

Mo jókòó sórí àpótí mi. Ìyá kan tí n kò mọ̀ rí gbé omi wá.

Mo jẹ́wọ́. "Ọmọ Ìlobù ni mí, mà."

"Ǹjẹ́ mo bi ọ́? Mu omi."

Ọkọ wọn gbé àpótí mi sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ìyá mi sáré jáde, wọ́n ní kí ni mo kọ́ lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Màmá, ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yìí. Ará Ìfọ́n ni wọ́n."

Ìyá mi wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ìyá mi kúnlẹ̀ fún bàbá náà. "Ẹ kú làálàá o. Ẹ wọlé."