Ohùn Ọlọ́jọ́ Mẹ́rìnlá

Ignace Olútúndé kì í sọ pé òun ń ta gìtá. Ohun tó máa ń sọ ni pé òun ń ṣe ohùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì béèrè ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, yóò tún ara rẹ̀ jókòó dáadáa, yóò sì ṣàlàyé títí ẹni náà yóò fi kábàámọ̀ ìbéèrè.

Abidjan ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìgbòho wá ta aṣọ ní ọjà Adjamé Roxy. Nígbà tí ìsọ̀ náà di ti Ignace, ó kó aṣọ kúrò níbẹ̀, ó kó ìbòrí fóònù àti okùn ìgbaná sí i. Anyama ló ń gbé, gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, ló ń wọ̀ wá láràárọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kì í ṣí ìsọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi, nítorí òun ni onígìtá àgbà nínú ìjọ.

Àwọn ọmọ Ìgbòho àti Ṣakí pọ̀ nínú ìjọ náà, àwọn ará Bénin tó wá láti Kétu àti Pọ́bẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Àwọn ìyàwó míì kò gbọ́ rárá. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a sọ ọ́ ní Yorùbá, wọn a túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Bó bá jẹ́ Faransé ló kọ́kọ́ dé, Yorùbá a tẹ̀ lé e. Madame Simone Adjibola, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ti Songon wá, ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlá. Kò ṣa ọ̀rọ̀ jẹ. Ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, yóò túmọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kí ẹni tó fi ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà wá gbé e kúrò, ó túmọ̀ rẹ̀ tòun ti nọ́ńbà ara ọkọ̀.

Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ báyìí tí Ignace gbé pédalier dé, àpótí irin pẹlẹbẹ kan tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti pààrọ̀ ohùn. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Àwọn kan ní òkè òkun gbé ampli àtijọ́ kan, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, sílẹ̀, wọ́n gba gbogbo ìró rẹ̀ sílẹ̀, kékeré àti ńlá, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè gbé wọ gìtá yòówù bí ẹni gbé ẹ̀wù wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn náà yóò ra ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọn a fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà ti kọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì e-mail sórí fóònù.

Ignace tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, àwọn ìyá àgbà dìde jó láìjẹ́ pé ẹnì kan rọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá bá a.

"Ignace, níbo lo ti rí irú ohùn yìí?"

"Èmi ni mo ṣe é, Pásítọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Owó ìwé àṣẹ náà kò tó owó bàtà funfun tí Ignace wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sọ lójú ayé pé òun ló kọ́lé, báwo ni yóò ṣe tún máa san owó ilé? Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, ó rántí pé òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin, ìwé orúkọ àwọn akọrin àti òṣìṣẹ́ ìjọ sì wà lọ́wọ́ òun. Ó ṣe e-mail tuntun kan ní orúkọ Adèle tó ń kọ soprano, ó sì fi gba ọjọ́ mẹ́rìnlá míì. Lẹ́yìn Adèle, ó kan ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ń lọ létòlétò láti orí A, bí ọmọ iléèwé tó mọ̀wé. Pásítọ̀ pàápàá yá ohùn náà ní àkókò Àjíǹde, kò kàn mọ̀ ni.

Bí ohùn náà ṣe ń gbilẹ̀ ni òfin ń pọ̀ sí i. Ignace lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá ohun èlò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀. Joël, tó ń ta gìtá kejì, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná láàárín ọ̀sẹ̀, bẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n Ignace, ẹ fún mi ní ohùn yẹn díẹ̀ kí n fi kọ́ ọwọ́."

"Mon petit, ohùn ní òfin. Droit d'auteur, ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe nǹkan. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n."

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, o ò ní béèrè. Ohun tí mo fi òógùn ojú mi ṣe, ṣé kí n máa bù ú fún yín bí ẹ̀wà ni?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé Ọlọ́run la ń kọrin fún."

"Ọlọ́run la ń kọ ọ́ fún. Àmọ́ èmi ni mo ni ín."

Ràmúlátù, ìyá Lùbàbà, ọmọ Ṣakí tó ń ta abọ́ ní iwájú ìsọ̀ Ignace, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Kéú ni òun kà. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kì í gbọ́ nípa ohùn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ignace tún ń ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ràmúlátù gbọ́ ọ títí, ó sì mú ìbòrí fóònù kan lórí tábìlì rẹ̀.

"Ignace, orúkọ ta ló wà lára èyí?"

"Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù ni, Ìyá Lùbàbà."

"Ṣé àwọn ló ṣe ìbòrí yìí?"

"Rárá o. Àwọn kan ló ń ṣe é."

"Ẹ̀ẹ́n. Ṣé o ti béèrè lọ́wọ́ àwọn olórúkọ?"

Ignace ní oníbàárà ń dúró de òun. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìròyìn tàn pé Bàbá Ọládipọ̀, tó ti ń darí àwọn onílù àti onígìtá ìjọ fún ọdún méjìlélógún, fẹ́ padà sí Ìgbòho nítorí orúnkún. Wọ́n ní ní ìparí ìsìn Ìkórè ni yóò dárúkọ ẹni tí yóò gba ipò náà, láàárín Ignace àti Joël. Ignace kò dúró de ìkéde. Ó ti lọ tẹ káàdì pélébé: *Ignace Olútúndé, Chef d'orchestre, Créateur de sons.* Olórí àwọn onílù àti aṣẹ̀dá ohùn ló pe ara rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún méjì ló tẹ̀.

Ó ṣírò ọjọ́ náà dáadáa. Ó ti kan S nínú ìwé orúkọ. Simone ló ń yá ohùn náà lọ́wọ́, láìmọ̀. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ Ìkórè gan-an ni ọjọ́ mẹ́rìnlá rẹ̀ yóò pé. Aago mẹ́sàn-án ni ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, aago méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìwé pé yóò parí. Yóò ta gìtá, wọn yóò fi í joyè, bó bá sì ti wọ gbaka ni yóò kọ orúkọ Thérèse. Ohun tó gbàgbé láti fi sínú ìṣirò ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọn yóò sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ẹ̀bùn wá, olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lójú ọ̀nà Bouaké jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yọ òun. Ó sọ gbogbo kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà náà, Simone sì túmọ̀ kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ará Pọ́bẹ̀ jókòó, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n dá orin ìdúpẹ́. Ignace rò pé bí òun bá fi gbogbo ara ta á, yóò tètè parí. Ó di ojú méjèèjì, ó ń ta okùn òkè, àwọn ìyá ń jó bọ̀ wá síwájú, káàdì wà lápò rẹ̀.

Gìtá dákẹ́ bí omi ẹ̀rọ tó dá. Láti inú àpótí gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, obìnrin kan sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wà ní báńkì:

"La période d'essai accordée à madame Simone Adjibola est terminée. Pour garder ce son, veuillez acheter la licence."

Iṣẹ́ ọdún méjìlá kì í dúró ronú. Simone gbé ẹ̀rọ sẹ́nu:

"Àkókò ìdánwò tí a fún Madame Simone Adjibola ti parí. Bí ẹ bá fẹ́ máa lo ohùn yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ìwé àṣẹ."

"Àmín!" Ìjọ dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni Simone wá gbọ́ ohun tí òun sọ.

"Simone wo? Èmi?" Ó yíjú sí apá ibi tí àwọn tó ń gbọ́ Faransé wà. "Moi?"

Ignace ń tẹ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa àkekèé. Obìnrin inú rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ, tòun ti orúkọ. Bàbá Ọládipọ̀ di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde.

"Ignace, yọ okùn gìtá kúrò lára irin yẹn. Tì í bọ inú ampli."

Ó tì í bọ̀ ọ́. Ohùn tó jáde rí tín-ín-rín, ó ń ha díẹ̀, ṣùgbọ́n orin náà kò sọnù. Ẹ̀bùn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n jó o dé iwájú.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe Ignace, Joël àti Simone wọ yàrá àwọn àgbà.

"Pásítọ̀, bug ni," Ignace sọ. "Ẹ̀rọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bug náà wá mọ orúkọ bàbá mi?" Simone na ọwọ́. "Gbé fóònù wá."

Ó ka àwọn orúkọ náà bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì. Adèle. Agathe. Béatrice. Ó ń bá a lọ, títí ó fi gbójú sókè wo Pásítọ̀.

"Èmi? Ní Àjíǹde?" Pásítọ̀ béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, Pásítọ̀."

Kí wọ́n tó jáde, ọ̀rọ̀ ti dé àgbàlá. Nadège, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ń ṣe kàyéfì pé ìgbà tí òun wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni òun ń yá ohùn gìtá. Ẹni tí inú bí jù lọ ni ọkùnrin tenor kan tí Ignace fo orúkọ rẹ̀ kọjá nínú ìwé. "Ṣé orúkọ tèmi ni ò tó nǹkan?" ló ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Nínú yàrá, Bàbá Ọládipọ̀ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

"Ọwọ́ rẹ ò burú, Ignace. Òní ni mo tún gbọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ká ní o sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé o rà á ni, à bá yìn ọ́ pé o mọ nǹkan rà. Joël ni yóò máa darí wọn."

"Bàbá, ọmọdé ni Joël."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ignace ra ìwé àṣẹ náà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga kejì. Joël ka ọ̀kan, méjì, orin sì bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì parí ẹsẹ kìíní tí Joël fi tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń bo àwọn alto mọ́lẹ̀."

Ignace wò ó. Ó wo àga Bàbá Ọládipọ̀. Ó ti ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹ̀rọ náà, ó yí ohùn sílẹ̀. Joël ti kọjú sí àwọn akọrin padà, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀: ó ṣì kù. Ignace tún bẹ̀rẹ̀, ó tún yí i sílẹ̀ sí i.